Olùṣọ́ Inú Ilẹ̀

Bí a bá dárúkọ bakitéríà, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, àìsàn ni ọkàn wa ń sáré lọ bá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá.

Ẹ wo àwọn tí ń gbin àlìkámà ní ìpínlẹ̀ Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àrùn kan, tí ìbátan olú ń fà, a máa mú kí gbòǹgbò àlìkámà dúdú kí ó sì rà. Bí a bá ń gbìn ín sí ojú kan lọ́dọọdún, àrùn náà a máa gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó bá fara dà á fún ọdún mélòó kan a rí i pé àrùn náà ń rọlẹ̀, ìkórè sì ń sunwọ̀n.

Ní 1976, Cook àti Rovira, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, fi hàn pé bí a bá fi ooru ìwọ̀n 60 ti Celsius mú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, ààbò inú rẹ̀ a parẹ́. Bí a bá sì bu díẹ̀ nínú èyí tí ooru kò kàn pò mọ́ ilẹ̀ mìíràn, ààbò a bá a lọ síbẹ̀. Ohun alààyè ni olùṣọ́ náà: bakitéríà tí a ń pè ní Pseudomonas. Oje tí gbòǹgbò ń sun ni oúnjẹ wọn. Àwọn náà a sì máa tú oró tí ń pa ọ̀tá gbòǹgbò.

A kò wí pé gbogbo àrùn oko ni ó ń gbọ́ oògùn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ pa gbogbo ohun tí ń bẹ nínú ilẹ̀ nítorí ọ̀tá kan, kí ó ṣọ́ra, kí ó má baà pa olùṣọ́ pọ̀ mọ́ olè.