Ṣọ́ọ̀ṣì Ti Dé Wàrí Kí Ó Tó Dé Bàdágírì

Ẹ bi ọmọ Yorùbá léèrè ibi tí ìgbàgbọ́ gbà wọ ilẹ̀ yìí, Bàdágírì ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, pẹ̀lú Thomas Birch Freeman àti ọdún 1842. Ní ti ilẹ̀ tiwa, kò parọ́. Ṣùgbọ́n kí Freeman tó gúnlẹ̀, ó ti lé ní 300 ọdún tí àlùfáà Potogí ti wọ ààfin Ìbíní, wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọba ní Wàrí. Títì Wàrí sí Sapele, èyí tó kọjá lọ sí Ìbíní, ló so àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá jí ní kùtù, tó háyà ọkọ̀, tó sì rí amọ̀nà gidi, lè fi ọjọ́ kan rí ohun tó ṣẹ́ kù.

Iṣẹ́ amọ̀nà níbí le ju ti ìlú Cusco ní Peru lọ. Lọ́hùn-ún, àwọn Sípéènì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Santo Domingo lé orí Qorikancha, tẹ́ńpìlì àwọn Inca. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1950, ilé àwọn àlùfáà sán, ògiri òkúta Inca dúró gbọin. Ojú ló ń rí i. Wàrí kò ní òkúta. Amọ̀, igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń kọ́lé nínú àbàtà, ikán kì í sì í bọ̀wọ̀ fún ilé Olúwa.

Orí omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Òde-Ìtsẹkírì, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Big Warri. Ginuwa, ọmọ ọba Ìbíní, ló fìdí ìjọba náà múlẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún 15. Ará Ìlàjẹ tó bá dúró níbẹ̀ yóò gbọ́ ohun púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ láìsí ògbufọ̀. Àní Olú, ọba Wàrí, tó wà lórí ìtẹ́ báyìí, Ògíamè Atuwatse Kẹta, ọmọ Yorùbá ni ìyá rẹ̀.

Báwo ni ṣọ́ọ̀ṣì ṣe débẹ̀? Ìbọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òfin ìjọ Àgùdà kò jẹ́ kí Potogí ta ohun ìjà fún ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́. Ní 1516, Ọba Esigie gbà kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ rẹ̀ àti ọmọ àwọn ìjòyè ńlá, ó sì pàṣẹ kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbọn tí wọ́n ń retí kò dé bí wọ́n ṣe rò, ìtara ààfin sì tutù. Ní àwọn ọdún 1570, àwọn àlùfáà Augustine láti erékùṣù São Tomé wá yíjú sí Wàrí. Ìyẹn bá Olú lára mu, nítorí kò fẹ́ kí òwò òun àti òyìnbó máa gba ọwọ́ Ìbíní kọjá. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ rẹ̀, ó sì di Sebastian. Sebastian náà rán ọmọ tirẹ̀, Domingos, lọ sí Potogí ní nǹkan bí 1600. Ọmọ náà kàwé ní Coimbra, ó fẹ́ ọmọ ọlọ́lá níbẹ̀, ó padà wálé, ó sì di Olú Atuwatse Kìíní. Láti ìgbà ayé rẹ̀ ni wọ́n ní adé kan ti wà, èyí tó di àwátì kí wọ́n tó gbé Atuwatse Kẹta gun orí oyè ní August 21, 2021.

Kí ló wá dé tí ṣọ́ọ̀ṣì náà kò fi dúró? Ibà ń pa àlùfáà, Wàrí kò lówó tó lè fà wọ́n, ọdún lè gorí ọdún kí ọ̀kan tó yọjú. Ìgbàgbọ́ kò sì jáde kúrò láàfin. Ọkọ̀ tó ń gbé àlùfáà wá náà ló ń gbé ẹrú lọ. Amọ̀nà tó bá fo ìyẹn, ẹ má san owó rẹ̀ tán.

Títì yá wàyí. Ní Sapele ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìgbákejì kọ́ńsù kan sí ní 1891, ibẹ̀ sì ni ìkejì bíbọ̀ òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìbọn tiwọn. Ẹ kọjá Oghara, ẹ yà sí ọwọ́ òsì lọ sí Koko. Nana Olomu, oníṣòwò ńlá ọmọ Ìtsẹkírì, ló ni ilé tí ẹ ó rí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ìlú rẹ̀, Ebrohimi, túútúú ní 1894 nítorí òwò epo, wọ́n sì lé e lọ sí Gold Coast. Ìgbà tó padà ní 1906 ló kọ́ ilé náà, tó di mùsíọ́mù báyìí. 

Ní Ìbíní, tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní February 18, 1897, ẹ wo Iya, yàrà tó yí ìlú ká. Awalẹ̀pìtàn Graham Connah wọn ti inú: ó gùn tó kìlómítà 11.6, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì sì jẹ́ mítà 17.4. Àwọn kan ti sọ apá kan rẹ̀ di ààtàn, ó dun ni.

Ẹ parí rẹ̀ sí Holy Aruosa ní Akpakpava, ìjọ tó ń tọ́ka sí ti Esigie, tí Ọba Akenzua Kejì tún gbé dìde ní àwọn ọdún 1940. Osanobua ni wọ́n ń sìn, ní èdè Edo. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìsìn pàdé, kí ó dá ìrìn náà padà: Ìbíní ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Wàrí ní ìrọ̀lẹ́.