Ọjọ́ Kan ní Köln: Ohun Tí Ìdílé Lè Rí Kí Ọkọ̀ Odò Tó Gbéra

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé ìdílé kan lọ gbafẹ́ lórí omi, ọkọ̀ òkun ràgàjì tó ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ti odò yàtọ̀. Ọkọ̀ tó ń rìn lórí odò Rhine ní ilẹ̀ Yúróòpù gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gbà ju nǹkan bí 200 èrò lọ. Ó sábà máa ń rìn lóru, á sì gúnlẹ̀ láàárọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlú gan-an, débi pé bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ẹ ti wà nínú ìgboro.

Ìdí nìyí tí a fi yan irú ìrìn-àjò yìí nígbà tí a fẹ́ mú ìyá wa jáde. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà mọ́, wọn ò sì fẹ́ máa kó ẹrù láti hòtẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn. Ọmọ wa obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, wà pẹ̀lú wa. Nínú gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà ti dúró, Köln ní ilẹ̀ Jámánì ni a fẹ́ sọ fún yín, torí pé ọ̀rọ̀ ìlú náà kàn wá ju bí ẹ ti lè rò lọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni a sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ máa gbéra, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Orúkọ tó ń sọ ìtàn

Ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ wa, nítorí náà orúkọ ìlú ni a máa ń kọ́kọ́ wádìí níbikíbi tí a bá dé. Àwọn ará Jámánì ń pe ìlú yìí ní Köln. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń pè é ní Cologne. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan, colonia, ni orúkọ méjèèjì ti jáde, ìyẹn ìlú tí àwọn ará Róòmù tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà. Agrippina, aya Olú-ọba Claudius, ni wọ́n bí sí ìlú náà, òun ló sì mú kí ọkọ rẹ̀ fún un ní ipò yẹn ní ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà tí wọ́n gba Èkó ní ọdún 1861, tí wọ́n sì sọ ọ́ di Lagos Colony. Ẹni tó ń fi ìlú ẹlòmíràn ṣe colony lónìí, ó ṣeé ṣe kí ìlú tirẹ̀ náà ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Orúkọ ìlú yìí tún wà lórí tábìlì ìmúra ọ̀pọ̀ ilé. Ní ọdún 1709, ìdílé Farina, tí wọ́n wá láti Ítálì, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni Johann Maria Farina sì ti ń ta omi olóòórùn dídùn tó fi orúkọ ìlú náà pè. Ẹ rántí pé "lọ́fíńdà" tiwa náà, orúkọ òdòdó kan tí òyìnbó ń pè ní lavender ló ti wá.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó gba ọdún 632

Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dé Köln tí ẹ ò ní rí kàtídírà rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló wà, ilé gogoro rẹ̀ méjèèjì sì ga tó mítà 157. Ọdún 1248 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1560, iṣẹ́ dúró pátápátá. Ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń gbé òkúta sókè wà lórí ilé gogoro tí kò tíì parí náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, gbogbo ará ìlú sì ń wò ó. Ọdún 1842 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1880. Fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, kò sí ilé tó ga tó o lágbàáyé.

Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ fún Màmá, wọ́n mi orí. "Ẹni tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kò rí òrùlé," ni wọ́n wí, "síbẹ̀ kò tìtorí ẹ̀ ṣe é ní jákujàku."

Nínú ilé náà ni àpótí oníwúrà kan wà. Wọ́n ní egungun àwọn Amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù ọmọ jòjòló ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 1164 ni wọ́n gbé egungun náà wá láti Milan, òun ló sì sọ Köln di ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ìgbàgbọ́ ń rọ́ lọ. Apá gúúsù ni fèrèsé kan tí Gerhard Richter yà ní ọdún 2007 wà: àwọ̀ 72, gíláàsì kéékèèké tó tó nǹkan bí 11,500. Bí oòrùn bá ti tàn, gbogbo ilẹ̀ á di aláràbarà. Ọmọ wa dúró sínú rẹ̀, ó ń wo bí apá rẹ̀ ṣe ń di pupa, tó ń di búlúù.

Àtẹ̀gùn 533 ni ẹni tó bá fẹ́ gun ilé gogoro náà yóò gùn, kò sì sí ẹ̀rọ agbéniròkè. A pín ara wa: ẹnì kan jókòó ti Màmá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kejì mú ọmọ gòkè. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà dání, a rọ̀ yín láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Idẹ tó wà nílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé tó dà bí ilé àtijọ́ létí odò náà kì í ṣe ilé àtijọ́. Ní òru ọjọ́ 30 mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1942, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 1,000 ju bọ́ǹbù sí Köln. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí, àárín ìlú ti di àlàpà. Bọ́ǹbù ba kàtídírà náà, ṣùgbọ́n kò wó. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tún ìlú kọ́.

Àmọ́ wọn ò sọ pé àwọn nìkan ni ìyà jẹ. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa bí ẹ bá ń rìn níwájú ilé àwọn ènìyàn. Ẹ óò rí òkúta kéékèèké tí wọ́n fi idẹ bò lójú, tí wọ́n kọ orúkọ sí: orúkọ Júù àti àwọn mìíràn tó ń gbé ilé náà kí ìjọba Hitler tó kó wọn lọ pa. Gunter Demnig, oníṣẹ́ ọnà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Köln ló ti gbé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1992, irú rẹ̀ sì ti lé ní 100,000 báyìí káàkiri Yúróòpù. Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí orúkọ ọmọdé kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ó dákẹ́.

Idẹ Bìní

Ọ̀sán ni a wọ takisí lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rautenstrauch-Joest, nítosí Neumarkt. Ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ ààfin Ọba Bìní, wọ́n kó iṣẹ́ idẹ àti eyín erin ibẹ̀ lọ, wọ́n sì tà wọ́n káàkiri Yúróòpù. Díẹ̀ nínú wọn bá ara wọn ní Köln. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìlú Köln fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni iṣẹ́ ọnà 92 tó wà lọ́wọ́ wọn. Mẹ́ta nínú wọn dé Àbújá lóṣù náà gan-an. Àdéhùn sì wà pé 37 yóò ṣì wà ní Köln fún ọdún mẹ́wàá, bí ohun tí a yá wọn.

Ọmọ wa kò gbà. "Ìyá àgbà, tó bá jẹ́ tiwa ni, kí ló dé tó ṣì wà níbí?"

"Àbẹ̀kẹ́ mi," ni Màmá dáhùn, "ẹni tó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ onínǹkan kì í ṣe olè mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó máa ka ọjọ́ o."

Àwa òbí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan nínú wa ní kí gbogbo rẹ̀ padà sílé lónìí. Ẹnì kejì ní ó dára kí àlejò Köln rí ohun tí ọwọ́ ará Bìní lè ṣe, bí orúkọ olówó rẹ̀ bá ti hàn lára rẹ̀. A kò tíì yanjú rẹ̀ títí di òní. Ó tẹ́ wa lọ́rùn pé ọmọ náà ló bèèrè.

Kòkó bàbá Màmá

Ibi tí a rò pé ọmọ ló máa gbádùn jù ni Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ṣokoléètì, tó wà lórí ilẹ̀ kan tó yọ sínú odò Rhine láti ọdún 1993. Àṣé Màmá ló ni ibẹ̀. Ilé onígíláàsì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó móoru bí igbó ilé wa, igi kòkó sì wà níbẹ̀. Màmá dúró tì í. Agbègbè Ìdànrè ni bàbá wọn ti dá oko kòkó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń la kòkó, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, bí wọ́n ṣe ń sá a, àti bí àwọn ọmọ ṣe máa ń sáré lọ kó o nílẹ̀ bí òjò bá ṣú. Àwọn àlejò mélòó kan tí kò gbọ́ Yorùbá dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ Màmá.

Lápá ìparí ni orísun ṣokoléètì tó ga ní mítà mẹ́ta wà. Òṣìṣẹ́ kan ri bisikíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bọ inú rẹ̀, ó sì fún wọn. Màmá jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Gbogbo ọdún tí a fi sá kòkó, a ò mọ ibi tó ń lọ."

A sọ fún ọmọ wa pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ. Owó kòkó wà nínú ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, àti nínú Ilé Kòkó tó dúró ní Ìbàdàn láti ọdún 1965. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Accra àti Abidjan náà mọ̀ pé ilẹ̀ tí ẹ wà ló ń pèsè kòkó jù lágbàáyé báyìí. Bí ẹ bá dé Köln, ẹ má fo ibẹ̀.

Bí ẹ óò bá lọ

Orílẹ̀-èdè tí ẹ óò ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni kí ẹ gba físà Schengen lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ óò kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ẹ má kó ju ibi mẹ́ta lọ sínú ọjọ́ kan bí àgbàlagbà bá wà láàárín yín. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, torí òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ òpópónà àtijọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ jókòó ti àgbà ilé yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti ṣe rí. Ẹni tó ń mú àlejò kiri ní Köln mọ ìtàn ìlú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ọmọ yín bí kòkó ṣe ń rùn lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.