Kò Sí Ilé Epo Lójú Òfurufú

Láti ọdún 2019 tí Tolulope Arotile, ọmọ Iffe ní Ìjùmú, ti di obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà, kó tó dolóògbé ní 2020, iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíì mọ́ nípìnlẹ̀ Kogi. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Zaria láti 1964, òmíràn wà ní Ìlọrin. Kí òbí tó san owó gọbọi yẹn, ó yẹ kó mọ ohun tí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ rẹ̀.

Tí epo bá tán lójú ọ̀nà Òkéènè, a ó gbé kẹ́ẹ̀gì, a ó dá ọlọ́kadà dúró. Lókè ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan bíi Cessna 172 ń jẹ tó lítà epo 35 ní wákàtí kan. Ìlọrin sí Àbújá tó kìlómítà 310. Tó bá ń sá kìlómítà 200 ní wákàtí, lítà 54 á gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ bọ̀ níwájú ní kìlómítà 40, lítà 68 ni. Ẹni tó bu 60 nítorí pé epo wọ́n, inú igbó ni yóò sọ̀ sí. Òfin Amẹ́ríkà tún ní kí epo ìṣẹ́jú 30 ṣẹ́kù lọ́sàn-án, 45 lóru. Ìyẹn nìkan tó lítà 18 sí i lọ́sàn-án. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fa epo díẹ̀ jáde lábẹ́ táǹkì wò, nítorí omi a máa rọlẹ̀ sábẹ́ epo, ó sì lè pa ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọkọ̀ náà kò ní já bí òkúta. Láti ẹsẹ̀ bàtà 3,000, ó lè rọra fò tó kìlómítà 8 bí àṣá tó na ìyẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di eré rẹ̀ mú, kó wá pápá tó tẹ́jú, kó tó yẹ epo wò, kó tó ké sí àwọn tó wà nílẹ̀. Lókè Lọ́kọ́ja níbí, Òkè Patti rèé, odò Ọya àti Bẹ́núé rèé. Ẹni tí kò ti fojú yan ibi tó máa sọ̀ sí ṣáájú ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ọ̀gá sílẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2021, ọkọ̀ King Air ti iléeṣẹ́ ológun òfurufú, tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, gbéra ní Àbújá, ó ké pé ẹ́ńjìnnì ti kọṣẹ́. Ó ń padà bọ̀ ló já. Gbogbo èèyàn 7 inú rẹ̀ ló kú.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ má wo bí ọ̀dà ọkọ̀ wọn ṣe ń dán. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló ń ṣírò epo, ta ló sì ń tún un yẹ̀ wò kí ọmọ wa tó gbéra?