Kí Ni Ó Wà Nínú Orín Àtà?

Ẹni tí ó bá jáde ní Àjàó Estate ní òwúrọ̀, tí ó sì yà sí ọjà Ìṣọlọ̀, yóò rí orín lórí àtẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni orín àtà, tí ń ta ni lẹ́nu. Òbí tí àrùn arunmọ́léegun ń bá ọmọ rẹ̀ jà lè rà á, kì í sì í ṣe nítorí eyín nìkan.

Ní ọdún 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti W. A. Isaacs tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi tí a fà láti inú gbòǹgbò àtà mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí ìrísí rẹ̀. Nínú ìgò àyẹ̀wò ni o, kì í ṣe nínú ara ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ dókítà.

Ṣùgbọ́n èròjà tí ó wà nínú omi gbòǹgbò yìí pọ̀. Bí a bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ tí a ń pè ní mass spectrometer. Bí ó ti wọ́pọ̀, a ó sọ èròjà náà di oru, a ó fún mólékù rẹ̀ ní agbára iná mànàmáná títí òmíràn yóò fi fọ́. Ẹ̀rọ náà yóò sì to àwọn ẹ̀rún rẹ̀ bí wọ́n ti wúwo sí. Ẹni tí ó ti ṣa àpáàdì jọ rí láti mọ irú ìkòkò tí ó fọ́ ti mọ ọgbọ́n yìí.

Ẹ wo méjì nínú àwọn èròjà gbòǹgbò náà: ásíìdì p-hydroxybenzoic wọn 138, ásíìdì vanillic wọn 168. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 30. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò rẹ̀: kábọ́ọ̀nù kan jẹ́ 12, ọ́síjìn kan 16, háídírójìn méjì 2. Ohun tí vanillic fi ju èkejì rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ kan kéde èròjà mẹ́ta láti inú èèpo gbòǹgbò àtà: burkinabin A, B àti C. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wọn 492! Òṣùwọ̀n nìkan kò lè yà wọ́n, bí kò ti lè ya ìbejì tí wọ́n wúwo bákan náà. Ojú ibi tí ásíìdì vanillic méjì ti so mọ́ ásíìdì quinic ni ó yàtọ̀. Ẹ̀rọ mìíràn, NMR, tí ń fi òòfà ńlá yẹ ipò háídírójìn kọ̀ọ̀kan wò, ni ó tú àṣírí wọn.

Gbòǹgbò kan lè lágbára ju òmíràn lọ, ojú kò sì lè rí i. Àfi bí a bá mọ èròjà tí ń ṣiṣẹ́ náà àti iye rẹ̀ ni a tó lè sọ fún òbí yẹn bóyá ó yẹ kí ọmọ ọdún méje mu ún, àti pé ìwọ̀n wo.