Ṣé Ìtànṣán Fóònù Ló Ń Fa Ẹ̀fọ́rí Wa?

Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà ni òpó nẹ́tíwọ̀kì ti di ara ohun tí ojú wa ń rí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán títí dé Ẹ̀sìẹ́. Bí òpó ṣe ń pọ̀ sí i náà ni ẹjọ́ ń pọ̀ sí i. Ẹnì kan á ní bí òun bá ti pe ìpè gígùn, orí á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ òun. Ẹlòmíràn á ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ri òpó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn, òun ò rí oorun sùn mọ́. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà káàkiri àgbáyé, wọ́n sì gbà pé ara àwọn kò gba ìtànṣán fóònù ni. Kí ni ìwádìí sọ nípa ọ̀rọ̀ wọn?

Kí ni ìtànṣán yìí gan-an?

Ìgbì rédíò ni fóònù fi ń bá òpó sọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú ìgbì tí à ń fi gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, àmọ́ tirẹ̀ yára jù: ìgbì GSM ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 900 tàbí mílíọ̀nù 1,800 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò dà bí ìtànṣán X-ray, tó lágbára láti ba ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́ tààrà. Ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìgbì rédíò ń ṣe fún ara ni pé ó lè mú un gbóná bó bá pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pààlà sí ohun tí fóònù lè tú jáde. Etí tó ń gbóná lẹ́yìn ìpè gígùn, ooru bátìrì àti ti fóònù tí a tẹ̀ mọ́ etí ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí a bá ṣe jìnnà sí orísun ìgbì ni agbára rẹ̀ ń dín kù kíákíá. Nítorí náà, fóònù tó wà létí wa ló máa ń fún wa ní ìtànṣán ju òpó tó wà ní òpópónà lọ. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sì dára, fóònù á fi kún agbára rẹ̀ kó lè bá òpó tó jìnnà sọ̀rọ̀. Àdúgbò tó bá lé òpó lọ lè tipa bẹ́ẹ̀ gba ìtànṣán púpọ̀ sí i láti inú fóònù ara wọn.

Ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdáhùn rẹ̀

Ní ọdún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ní ìtànṣán ń yọ àwọn lẹ́nu. Àjọ náà gbà pé òótọ́ ni ìnira wọn, ó sì lè le púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ìtànṣán ló fà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán irú èyí wò? Wọ́n á tan ẹ̀rọ nígbà kan, wọ́n á sì pa á nígbà mìíràn, láìjẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń dán wò tàbí ẹni tó jókòó tì í mọ èyí tó jẹ́. Àwọn olùwádìí King's College ní London ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé èsì jáde ní ọdún 2006. Ènìyàn 60 tó ní fóònù ń fọ́ àwọn lórí ló kópa, pẹ̀lú 60 mìíràn tí kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbì GSM wà, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní ìṣòro sọ pé ó wà. Nígbà tí kò sí ìgbì kankan, ìdá 63 ló sọ pé ó wà. Orí fọ́ wọn lóòótọ́, àmọ́ ó fọ́ wọn bí ìgbì wà, ó sì fọ́ wọn bí kò sí. Ní ọdún 2010, wọ́n kó irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ 46 jọ, tí ènìyàn 1,175 kópa nínú wọn. Ibì kan náà ni àpapọ̀ wọn forí lé.

Iṣẹ́ tí ìbẹ̀rù ń ṣe

Kí ló wá ń fọ́ni lórí nígbà tí kò sí ìgbì? Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2013, wọ́n fi fíìmù nípa ewu Wi-Fi han àwọn kan, wọ́n sì fi fíìmù mìíràn han àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún gbogbo wọn pé àwọn fẹ́ tan Wi-Fi fún ìṣẹ́jú 15. Irọ́ ni, wọn ò tan nǹkan kan. Nínú àwọn 147 tó kópa, ó lé ní ìdajì tó ní ara ń ni àwọn. Àwọn tí àyà wọn ń já tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì wo fíìmù ewu, ló tún burú jù fún.

Irú ìbẹ̀rù yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 2004, àti ní 2011 pàápàá, àhesọ gba Nàìjíríà kan pé àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìpè wọn á kú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n tún ní 5G ló fa kòrónà. Bẹ́ẹ̀, Àjọ NCC kò tíì fún ilé-iṣẹ́ kankan ní ìwé-àṣẹ 5G nígbà náà. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n tó ta á.

Jẹjẹrẹ ńkọ́?

Ní ọdún 2011, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ fi ìgbì rédíò sí ọ̀wọ́ ohun tó "ṣeé ṣe" kó fa jẹjẹrẹ, nítorí pé ẹ̀rí tó wà nígbà náà kò tó láti dá a láre tàbí láti dá a lẹ́bi. Àyẹ̀wò ńlá tí àjọ náà ní kí wọ́n ṣe, tó jáde ní ọdún 2024, yẹ ìwádìí 63 wò, kò sì rí i pé lílo fóònù ń fi kún jẹjẹrẹ ọpọlọ.

Kí ni ká ṣe?

Èyí kò sọ pé irọ́ ni aládùúgbò òpó ń pa. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nítorí iná ọba tí kò dúró, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ òpó ṣiṣẹ́. Ariwo rẹ̀ ń lé oorun lọ lóru, èéfín rẹ̀ sì ń fọ́ni lórí. A lè fi etí gbọ́ èyí, a lè fi imú gbóòórùn rẹ̀, a sì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ NESREA tó ń bójú tó àyíká. Ẹjọ́ jẹnẹrétọ̀ ṣeé rò. Ẹjọ́ ìtànṣán kò ní ẹlẹ́rìí.

Ewu tó tóbi jù ni pé kí ẹni tí orí ń fọ́ di ẹ̀bi ru òpó, kó má sì lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà níbẹ̀, tàbí ibà, tàbí ojú tó ń fẹ́ awò. Fún àwa akẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ fóònù náà ló fà á lóòótọ́, nítorí pé a gbé e dání lórí ibùsùn títí di aago méjì òru. Bó bá sì jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló kù lẹ́yìn àyẹ̀wò, ìtọ́jú tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti tún èrò rẹ̀ tò ló ní ẹ̀rí jù pé ó ń dín ìnira kù.

Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú ilé bá ní òpó ń fọ́ òun lórí, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lákọ̀ọ́kọ́.