Oògùn Tí Ń Mú Iṣan Tóbi Kò Yẹ Aboyún

Ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin baba nínú ilé, gbogbo òbí ni ó ń fẹ́ ọmọ tí ó taagun, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Nítorí náà, ẹnìkan lè béèrè pé: bí oògùn kan bá ń mú iṣan àgbàlagbà tóbi, ṣé kò ní fún ọmọ inú oyún ní agbára bákan náà? Ìdáhùn wa ni pé rárá. Oògùn náà kì í fún ọmọ ní agbára, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ẹ̀yà ara tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá lọ́nà.

Kí ni àwọn oògùn náà?

Wọ́n fara jọ èròjà kan tí ó pọ̀ nínú ara ọkùnrin, tí a ń pè ní testosterone. Èròjà yìí ni ó ń mú kí ọmọkùnrin tí ó ń bàlágà hu irùngbọ̀n, kí ohùn rẹ̀ sì ki. Nandrolone, stanozolol àti oxandrolone wà lára wọn. Òmíràn jẹ́ abẹ́rẹ́, òmíràn jẹ́ oníhóró, testosterone tí a ń fi pa ara bí ìpara sì wà pẹ̀lú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ọmọ ní ibi?

Oògùn tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá lè gba inú olóbì kọjá dé ara ọmọ. Olóbì a máa yí díẹ̀ nínú èròjà ọkùnrin padà sí ti obìnrin, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ní nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹta oyún ni ojú ara ọmọ ń dá sí ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin. Bí oògùn yìí bá bá ọmọbìnrin ní àkókò yìí, idọ́ rẹ̀ lè tóbi, ètè ojú ara rẹ̀ sì lè lẹ̀ pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí yóò ṣòro fún agbẹ̀bí láti mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Bí oṣù kẹta bá tilẹ̀ ti kọjá, idọ́ ṣì lè tóbi.

Kí ni ó ń kọ́ iṣan ọmọ?

Iye fọ́nrán iṣan ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí a tó bí i. Lẹ́yìn ìbí, títóbi ni wọ́n ń tóbi sí i. Oúnjẹ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ tí ó dára ni ó ń kọ́ wọn. Bí ọlẹ̀ bá sì ti ń sọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń mọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ 16 sí 20, eré ìdárayá ọmọ nìyẹn. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, edé, ẹran àti sóyà. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún yín ní ilé ìwòsàn. Ẹ máa sùn nínú àwọ̀n apẹ̀fọn, nítorí ibà a máa ba olóbì jẹ́, oúnjẹ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ a sì dín kù.

Ẹ má gba oògùn tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀

Ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, láti ọdún 1974, ìjọba ní ètò ìkọ̀kọ̀ láti máa fún àwọn eléré ìdárayá ní irú oògùn yìí. Wọ́n sọ fún ọ̀pọ̀ ọmọdébìnrin pé fítámì ni. Ohùn wọn ki, irun sì hù sí wọn lára. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ ní Berlin dá àwọn aṣíwájú ètò náà lẹ́bi. Ẹ béèrè orúkọ oògùn kí ẹ tó lò ó.

Ẹ má sì ṣi èyí gbọ́: sítẹ́rọ́ìdì tí dókítà ń gún fún aboyún tí ó fẹ́ bímọ láìpé oṣù, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó, yàtọ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni ti aboyún tí ó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù. Ẹ má kọ̀ wọ́n.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Bí ẹ bá ń lo oògùn yìí tí ẹ sì fura pé ẹ ti lóyún, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má tijú. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ lò ó kẹ́yìn, nítorí abẹ́rẹ́ mìíràn a máa wà lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má sì tìtorí ìbẹ̀rù ṣẹ́ oyún ní kọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ń fara gbá a.

2. Baba tí dókítà fún ní ìpara testosterone gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì fi aṣọ bo ibi tí ó pa á sí, kí ara rẹ̀ má baà kan ti aboyún tàbí ti ọmọdé.

3. Bí ojú ara ọmọ tuntun bá yàtọ̀, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ olólà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí àìsàn mìíràn tí ó lè yára pa ìkókó a máa fi àmì kan náà hàn.

Ẹ̀yin ìyá, oúnjẹ tí ó ṣara lóore, ìtọ́jú aboyún tí ó péye àti ìsinmi ni oògùn agbára ọmọ yín. Ọlọ́run yóò sọ̀ yín ní àyọ̀.