Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Oúnjẹ Tí Ara Ọmọ Kò Gbà

Ọmọ jẹ ẹ̀pà tàbí ẹyin, kò pẹ́, ara rẹ̀ sú, ó ń yún un, ètè rẹ̀ wú. Ẹ má sáré sọ pé ayé ló ṣe é. Ó lè jẹ́ àlẹ́jì: ara ọmọ ló ka oúnjẹ náà sí ọ̀tá. Wàrà màlúù, edé àti ẹja náà máa ń fà á.

Bí kò bá ju ara yíyún lọ, ẹ dá oúnjẹ náà dúró, kí ẹ mú ọmọ lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ahọ́n rẹ̀ wú, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Abẹ́rẹ́ adrenaline ló ń gba ẹ̀mí là níbẹ̀, kì í ṣe epo pupa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ oúnjẹ tí ara ọmọ kò gbà fún olùkọ́ rẹ̀ àti ìyá àgbà pẹ̀lú.